Kápítéènì Bramhall àti Òkúta Dúdú Odò Larkin

Bí ẹ bá dé Odò Larkin lókè Alaska láyé àwọn awakùsà, ẹ kò ní í béèrè ta ni Kápítéènì Lucius Bramhall. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá sọ fún yín. Bramhall a-mọ̀-òkúta-ju-òkè-lọ! Bramhall a-fòróró-para-irùngbọ̀n-nínú-yìnyín! Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó tù rí láyé rẹ̀, ọkọ̀ pẹrẹsẹ tó ń kó àgùntàn kọjá odò ni, méjì nínú àwọn àgùntàn náà sì bómi lọ. Ìyẹn ò ní kó má pe ara rẹ̀ ní kápítéènì.

Wúrà ni gbogbo wọn wá wà níbẹ̀, wúrà ò sì pọ̀. Ohun tó pọ̀ ni òkúta dúdú kan tó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀, tó máa ń dí ọpọ́n gígùn tí wọ́n fi ń fọ yanrìn. Wọn a fi ṣọ́bìrì kó o dànù, wọn a sì ṣépè lé e. Nígbà tí Bramhall wá gbọ́ pé àwọn olówó ń wá tánganran, irin tí wọ́n fi ń ṣe agolo, kiri, orí rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ó ra tánganran lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ kan létí òkun, ó yọ́ ọ, ó ń kán an sínú omi títí ó fi di wóró wóró, ó sì lọ fọ́n ọn sí apá odò tó jẹ́ tirẹ̀ bí ẹni ń fọ́n ọkà fún adìyẹ. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó figbe ta: òun ti rí tánganran!

Ẹni tó dẹ pàkúté náà sílẹ̀ fún ni Hedvig Lunde, opó tó ni ilé-èrò. Ọkọ rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé náà, kó tó di pé omi dídì là mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, tó gbé e mì. Kò ní nǹkan mìíràn láyé. Ilé yẹn nìkan ló gbóná dáadáa lágbègbè náà, ojú Bramhall sì ti wà lára rẹ̀ tipẹ́.

"Màámi, ẹ fún mi nílé, kí n fún yín ní ìdajì odò mi. Ẹ ò ní í fọ abọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́!"

Iṣẹ́ ti sú Hedvig, ìjì sì ń ṣí òrùlé mọ́ ọn lórí. Ó ti fẹ́ gbà.

Láàárín àwọn awakùsà, kò sí adájọ́, kò sí ọlọ́pàá. Ìpàdé gbogbo wọn ni kóòtù. Ohun tí èèyàn bá sọ níbẹ̀, ẹyin lohùn: bó bá ti balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe pàṣípààrọ̀ náà, gbogbo wọn rọ́ kún ilé-èrò, Baba Tolliver tó dàgbà jù sì jókòó sórí àga alága. Àlejò kan ń jẹ ẹ̀wà jẹ́jẹ́ ní kọ̀rọ̀. Wexford lorúkọ rẹ̀, ìjọba ló rán an wá wo òkúta. Inú Bramhall dùn láti rí ẹni tuntun tí yóò gbọ́ ọgbọ́n rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ẹ mọ bí tánganran ṣe ń wáyé?"

"Ẹ kọ́ mi."

"Òkè ló ń làágùn! Òógùn náà a máa dán, a kán sódò, òtútù a sì gbá a mú. Òun rèé!" Ó da wóró tánganran sórí tábìlì.

"Òkúta dúdú yẹn ńkọ́?" Hedvig béèrè.

"Ìdọ̀tí lásán ni, Màámi."

"Ẹ jẹ́ n máa kó o nígbà náà, gbogbo èyí tó wà nínú odò yín pátá. Màá fi tẹ òrùlé mi mọ́lẹ̀."

Bramhall rẹ́rìn-ín títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi ń mì. "Ẹ kó gbogbo ẹ̀, títí ayé! Níwájú ìpàdé ni mo ti sọ ọ́. Èmi kì í ṣe ahun."

"Ìpàdé ti gbọ́," ni Baba Tolliver wí.

Wexford nu ẹnu, ó mú wóró kan, ó sì fi ọ̀bẹ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. "Kápítéènì, tánganran kì í dán báyìí nínú ilẹ̀. Omi gbígbóná ló gbé e wọ inú pàlàpálá akọ òkúta lórí òkè yẹn, ibẹ̀ ló ti di òkúta dúdú. Òjò àti yìnyín fọ́ òkè, odò sì yí i wá sísàlẹ̀. Torí pé ó wúwo ló ṣe rì sídìí odò pẹ̀lú wúrà. Èyí tẹ́ ẹ kó wá yìí, iná ọmọ aráyé ló yọ́ ọ. Òkúta tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ta Màámi lọ́rẹ yẹn gan-an ni tánganran."

Ẹ̀rín bú jáde nínú gbogbo ilé.

"Eré ni mò ń ṣe!" Bramhall ti ń làágùn ju òkè rẹ̀ lọ. "Màámi, ẹ mọ̀ pé eré ni, àbí?"

"Kápítéènì, ẹ ní títí ayé."

Baba Tolliver lu tábìlì. "Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹni tó bá fọ́n irọ́ sódò láti fi gbalé opó, kó fi ibí sílẹ̀ lónìí. Ohun tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá lè gbé ni kó mú lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fara mọ́ ọn, ẹ nawọ́!"

Gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè.

"Ohun tí ẹ̀yìn mi bá lè gbé?" Ojú Bramhall tún tàn. Ó yíjú sí opó náà. "Màámi, ẹ ṣàánú mi. Ẹ fún mi ní àpò kan péré nínú òkúta yín."

Hedvig wò ó títí. Àánú ṣe é, ẹ̀rín sì ń pa á. "Ẹ bu ìwọ̀n tẹ́ ẹ bá lè gbé."

Ha! Bramhall da bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nù, ó da ẹ̀wà àti ẹran gbígbẹ nù, ó sì rọ òkúta dúdú kún àpò dẹ́nu. Létí odò níbi tí ọkọ̀ ti ń dúró, gbogbo awakùsà tò láti wòran. Ó jókòó, ó ki apá bọ okùn àpò, ó sì gbìyànjú àtidìde. Àpò ò mira. Ó tún gbìyànjú, ló bá ṣubú sẹ́yìn gbàgà, ẹsẹ̀ méjèèjì ń jà lókè bíi ti ọmọ tuntun.

"Ẹ yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀!" ni wọ́n ń kígbe.

"N ò yọ ọ́! Èwo ni kí n yọ níbẹ̀?"

Atukọ̀ tú okùn. Hedvig bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí rẹ̀.

"Kápítéènì, ẹ dìde o. Ọkọ̀ ti ń lọ."