Ẹyẹlé Wọ Àkáǹtì Ilé

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá, ẹni tó gbé e wá ò sunkún, ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ náà ò sì bẹ̀bẹ̀. Télọ̀ kan ló pe ọkọ rẹ̀, káfíńtà, lẹ́jọ́ lórí àkáǹtì tí àwọn méjèèjì jọ ṣí ní báǹkì fún ìnáwó ilé. Wọ́n fún un lága, kò jókòó. Àtilé ló ti ń to ọ̀rọ̀ náà sínú, ẹ̀rù sì ń bà á pé bí òun bá jókòó, apá kan nínú rẹ̀ á já bọ́.

"Sọ tẹnu rẹ," Kábíyèsí wí.

"Kí Kábíyèsí pẹ́. Oṣooṣù ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ń dá owó sí àkáǹtì yìí. Owó gáàsì ni, owó ọṣẹ ni, owó ọbẹ̀ ni. Ọjọ́ tá a lọ ṣí i, wọ́n bi wá léèrè irú èyí tá a fẹ́: ṣé èyí tí ẹnikẹ́ni nínú wa lè dá gbowó níbẹ̀ ni, àbí èyí tí àwa méjèèjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí. Mo ní àwa méjèèjì. Ó ní ṣé olè lòun ni. Ojú tì mí, mo gbà fún un. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, gáàsì tán lórí ìrẹsì tí kò tíì jinná. Mo sáré dé báǹkì, àkáǹtì ti gbẹ."

"Ta ló gbowó náà?"

"Ẹ bi í, Kábíyèsí. Ẹ bi í léèrè ohun tó ń ké lórí òrùlé mi."

Káfíńtà dìde, ó tún ṣòkòtò rẹ̀ ṣe. Ó ní ẹyẹlé díẹ̀ lòun fi rà.

"Nínú owó ìnáwó ilé?"

"Nínú rẹ̀ gan-an ni. Kábíyèsí, ẹ gbọ́ orúkọ tó ń jẹ́. Ẹyẹ ilé. Ká ní àparò ni mo rà, mo jẹ̀bi, torí ẹyẹ oko nìyẹn. Àwọn àgbà náà ló kúkú sọ pé ẹyẹlé ń bá onílé jẹ, ó ń bá onílé mu."

"Wọn ò sọ pé ó ń bá onílé gbowó ní báǹkì," Kábíyèsí wí.

Ìjòyè àgbà ní ọ̀rọ̀ káfíńtà wọ òun létí díẹ̀, torí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ajá, òun sì ń wá ohun tí òun máa sọ nílé. Wọ́n ní kó dákẹ́.

Télọ̀ wo ọkọ rẹ̀. Kì í ṣe ti ẹyẹ ló dùn ún. Ohun tó dùn ún ni pé ọkùnrin yìí kan ilé fún ẹyẹ, ó kùn ún lọ́dà, ó ra àgbàdo sí i, kò sì sí ọjọ́ kan tó yà sọ́dọ̀ òun kó ní, "Màmá wọn, kí lo rí sí i?"

"Mo fẹ́ kó máa bi mí ni, Kábíyèsí," ó wí. "Kí wọ́n yí àkáǹtì náà sí ti àwa méjèèjì. Bí kò bá gbà, kí kálukú máa ná ti àpò rẹ̀, ká kúkú mọ̀ pé ayálégbé la jẹ́ síra wa."

"Mi ò gbà," káfíńtà wí. "Mi ò lè máa tọrọ àyè kí n tó náwó, bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ lọ tọ̀."

Wọ́n pe akọ̀wé báǹkì.

"Nígbà tó wá gbowó, kí ló sọ?"

"Ó ní àwọn ará ilé òun ni ò rí oúnjẹ jẹ, Kábíyèsí. Àánú ṣe mí. Mo ní kó bá mi kí wọn."

"Ṣó kí wọn?"

"Mo kí wọn," káfíńtà wí.

Ó wá ku ìyá káfíńtà, tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, tó wá jẹ́rìí gbe ọmọ rẹ̀.

"Ọmọ mi kì í fowó ṣòfò," ìyá wí. "Kò sí ẹyẹ kankan nílé wa. Irọ́ ni ìyàwó wa ń pa."

"Màmá, ẹyẹ wà," káfíńtà sọ sí i létí.

"Ẹyẹ wà. Ẹyọ kan péré ló kù."

"Àwọn yòókù ńkọ́?" Kábíyèsí béèrè.

"Ẹran wọn rọ̀." Ìyá gbọ́ ohun tó sọ. "Mo ní wọ́n fò lọ."

"Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ," ìjòyè àgbà wí.

Káfíńtà yíjú sí ìyá rẹ̀. "Màmá. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mò ń gun òrùlé lọ súfèé pè wọ́n."

"Mò ń gbọ́ ọ. Ó ń dùn mí. Ṣùgbọ́n kí ni kí n jẹ? O ti kó owó ọbẹ̀ lọ."

Káfíńtà jókòó. Àánú rẹ̀ ṣe télọ̀, inú sì bí i pé àánú rẹ̀ ṣe òun.

Kábíyèsí àti àwọn ìjòyè forí korí. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ó dájọ́.

"Káfíńtà, ẹnu ara rẹ lo fi sọ pé ará ilé ni ẹyẹlé. A gbà. Àkáǹtì ìnáwó ilé, gbogbo ará ilé ló ni ín. Láti òní lọ, kò sówó tó máa jáde níbẹ̀ àfi bí ìyàwó bá fọwọ́ sí i, tí ọkọ fọwọ́ sí i, tí ẹyẹlé tó kù náà sì fọwọ́ sí i."

Akọ̀wé báǹkì ní ẹyẹlé ò lọ́wọ́.

"Kó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣáà ní tàdáwà. Kọ́kọ́rọ́ ilé ẹyẹ á wà lọ́wọ́ ìyàwó. Ọkọ ló ń súfèé pe ẹyẹ náà, òun ló máa gbé e. Ẹ̀yin méjèèjì ò lè dé báǹkì láìjọ lọ."

Télọ̀ rò ó títí, ó rí i pé ohun tí òun wá tọrọ náà ni wọ́n fún òun, ìyẹ́ ni wọ́n kàn fi lé e. Ọkọ rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Màmá wọn, ọjọ́ wo lo rò pé ká lọ?"

Télọ̀ fẹ́ kí ìbéèrè náà pẹ́ díẹ̀ létí òun.

Ìyá káfíńtà nawọ́ sókè. "Kábíyèsí, bí ẹyẹ náà bá kú fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

Kábíyèsí wo ẹsẹ̀ ìyá náà.

"Ẹ̀yin lẹ máa kó wọ ilé ẹyẹ, Màmá. Ẹsẹ̀ yín la ó máa tẹ̀ sí ìwé báǹkì."