Bí Sálíù Àkànmú Ṣe Dọ̀bálẹ̀ Gba Àfikún Owó fún Àwọn Bíríkìlà

Ẹ dákẹ́ ariwo! Ẹni tó jókòó kó gbé ìdí díẹ̀, ẹni tó dé fìlà kó ṣí i, ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ kó kọ́kọ́ gbé e mì, nítorí orúkọ tí mo fẹ́ pè yìí ga ju kí n fi ẹnu tí ọbẹ̀ wà nínú rẹ̀ pè é lọ. Sálíù Àkànmú ni mo ń wí! Ọmọ Ọ̀ṣúnkúnlé, ọmọ a-po-ẹrẹ̀-bí-ẹni-po-oyin, ọmọ bàbá tó mọ ògiri ilé ìwẹ̀ kan ní Ìnísà níhìn-ín, tí ògiri náà tẹ̀ sọ́tùn-ún, tó tún rò ó, tó tẹ̀ sósì, tí kò sì wó títí di òní, tí gbogbo ewúrẹ́ àdúgbò ṣì ń ha ara mọ́ ọn láìbẹ̀rù. Sálíù, kúkúrú tí òjìji rẹ̀ gùn, aláyà bí ilẹ̀kùn báńkì, ọkọ Mọnsúrá, olórí àwọn bíríkìlà tó ń kọ́ ilé alájà kan sí ojú títì, ẹni tó jẹ́ pé tó bá gun pákó lọ sórí ògiri, ògiri á tún ara rẹ̀ ṣe!

Ta ló gun pákó?
Àkànmú ló gun pákó!
Ta ni búlọ́ọ̀kù ń wárí fún?
Àkànmú ni búlọ́ọ̀kù ń wárí fún!

Ẹ bá mi gbè é dáadáa, ẹ má jẹ́ kí n dá a kọ.

Ogun tó jà yìí, ogun owó ojúmọ́ ni. Gààrì ti gun òkè àjà, ìrẹsì ti di àlejò nínú ilé, ṣùgbọ́n owó àwọn bíríkìlà àti lébìrà jókòó sójú kan bí ìyá ìkókó. Bẹ́ẹ̀, oyún Mọnsúrá ti wọ oṣù rẹ̀. Sálíù kò tíì ra aṣọ ọmọ kan ṣoṣo, kò sì tíì san kọ́bọ̀ nílé ìgbẹ̀bí. Ló bá kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ bí akọgun ṣe ń kó ọmọ ogun, pẹ̀lú ṣọ́bìrì, pẹ̀lú páànù, eruku sìmẹ́ǹtì lójú wọn bí ẹfun ìmúra ogun, wọ́n lọ bá kọngílá tó gba iṣẹ́ ilé náà, Ọ̀gá Ọ̀pádòtun, ọkùnrin abikùn bí àgbá omi òjò.

Kọngílá gbọ́ wọn tán, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Àfikún owó? Ìgbà wo lẹ ń ṣiṣẹ́ gan-an? Ẹnikẹ́ni tó bá ti kọjá lójú títì yìí tó ní 'Ẹ kú iṣẹ́ o', gbogbo yín á gbé búlọ́ọ̀kù kalẹ̀! Ẹ ó dáhùn, ẹ ó béèrè bàbá, ẹ ó béèrè ìyá, ẹ ó béèrè ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀ nílé. Sìmẹ́ǹtì mi á sì gbẹ sínú páànù!"

Èmi tí mo ń din òjòjò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, kí n má purọ́, òótọ́ ló sọ. Títì wa kì í dá. Ará oko ń lọ, tíṣà ń bọ̀, ọlọ́kadà ń kọjá, gbogbo wọn ló sì ń kí òṣìṣẹ́, ọmọlúàbí sì ni àwọn bíríkìlà wa.

"Ẹ jáwọ́ nínú dídáhùn," ni kọngílá wí, "kí ilé mi yá, kí n fi kún owó yín."

Làtífù, lébìrà kan tó gùn bí àkàbà, figbe bọnu. "Ká má dáhùn ìkíni? Wọ́n á ní a ti ya odi! Ìyá mi gan-an á kọ̀ mí lọ́mọ!"

Ṣùgbọ́n Sálíù, ọ̀jìnmì ọgbọ́n, orí bí àpótí irin, kò pariwo. Ó kàn béèrè pé, "Ṣé ẹnikẹ́ni ni, ọ̀gá?"

"Ẹnikẹ́ni! Ì báà ṣe ọba!"

"A gbà, ọ̀gá."

Ilẹ̀ mọ́. Mọ́tò kọngílá dé, ó sọ̀ kalẹ̀, àfi bí ẹní sín, ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o!"

Kẹ́kẹ́ pa. Ṣọ́bìrì ń họ, páànù ń lọ, kò sí ẹnu tó là.

"Mo ní ẹ kú iṣẹ́ o!"

Ó dà bí ẹni pé mo rí omi lójú rẹ̀. Ọkùnrin ńlá yẹn yíjú sọ́tùn-ún, ó yíjú sósì, ó fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀ bóyá òun ṣì wà. "Ṣé mo ti kú ni? Sálíù! Ẹ ò rí mi ni?"

"A rí yín, ọ̀gá," ni Sálíù wí láti òkè, búlọ́ọ̀kù lọ́wọ́ rẹ̀. "Sìmẹ́ǹtì yín la ń bá yín ṣọ́."

Kọngílá jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó nu ojú. "Ó dùn mí o. Ó dùn mí wọnú eegun."

Ibẹ̀ ni akọni ti sọ ọ̀kọ̀ ọ̀rọ̀. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká yan ẹnu kan. Ẹnu kan á máa dáhùn fún gbogbo wa, ọwọ́ tiwa á máa ṣiṣẹ́."

"Ẹnu ta ni?"

Làtífù nàka sí mi. "Ẹnu Ìyá Olójòjò ni. Kì í kúkú dákẹ́ tẹ́lẹ̀!"

"Làtífù, orí ẹ ò pé," ni mo wí, ṣùgbọ́n inú mi ti ń jó.

Kọngílá ní ó dáa. Ó ní òun á jókòó ṣọ́ wọn títí oòrùn á fi dé àtàrí. Bí ọwọ́ ẹnì kan bá dúró nítorí ìkíni, ọ̀rọ̀ àfikún ti kú nìyẹn.

Ogun bẹ̀rẹ̀! Ará oko kí wọn, mo fi orin dá a lóhùn. Tíṣà kí wọn, mo fi ijó kún un. Ọwọ́ kankan kò dúró, ògiri ń gòkè bí iyán tó ń wú. Àṣé ọ̀tá gidi kò tíì dé. Ta ni mo rí lọ́ọ̀ọ́kán, ẹrù lórí, ìrókò obìnrin? Ìyá tó bí Mọnsúrá! Ó ń bọ̀ wá dúró ti ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ bímọ.

"Àkànmú! Àna mi! Ẹ kú iṣẹ́ o!"

Mo sáré gbé e lórin. Obìnrin yìí wò mí látòkè délẹ̀. "Ẹ ṣeun, ìyá. Ẹnu yín kọ́ ni mo fọmọ fún."

Yéè! Bí Sálíù bá sọ̀ kalẹ̀ wá dọ̀bálẹ̀, owó lọ. Bí kò bá sọ̀ kalẹ̀, ìyá ìyàwó á gbé ẹrù padà, ta ni yóò wẹ ọmọ fún Mọnsúrá? Kọngílá na ọrùn bíi tòlótòló. Làtífù ti dijú.

Búlọ́ọ̀kù wà lọ́wọ́ Sálíù, sìmẹ́ǹtì tútù wà lórí ògiri. Ọmọ Ọ̀ṣúnkúnlé mí kanlẹ̀. Ó fi àyà lu pákó, gbàgà! Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lókè níbẹ̀ bí ọ̀nì tó ń yáàrùn, bó sì ti ń lọ sílẹ̀ ni búlọ́ọ̀kù ń bá a lọ, ó jókòó sáàyè rẹ̀ pẹ́kẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún ń gbá a wọlé, ọwọ́ òsì ń họ àṣẹ́kù sìmẹ́ǹtì kúrò, ẹnu ń wí pé, "Màámi, ẹ káàbọ̀! Ẹ kú ìrìn! Ṣé àlàáfíà ni bàbá wà? Ẹran ńkọ́?"

Ìyá ìyàwó pariwo ayọ̀. "Ẹ wá wo àna mi! Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi lójú sánmà!"

Kọngílá gun àkàbà lọ, ó ta okùn sí búlọ́ọ̀kù náà, ó wá ẹ̀bi títí. Kò sí èyí tó gún tó o nínú gbogbo ògiri! Ló bá rẹ́rìn-ín tí àkàbà fi ń mì. "Sálíù, o pa mí. Owó ti lé láti òní lọ."

Sálíù kò dìde. "Ti àwọn lébìrà náà, ọ̀gá?"

"Tiwọn náà! Dìde nílẹ̀ jàre!"

Nítorí náà, èmi Ìyá Olójòjò, ẹnu gbogbo bíríkìlà, mo kéde fún ará Ìnísà, fún ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀: àwọn jagunjagun yòókù dìde dúró kí wọ́n tó borí ọ̀tá wọn, tiwa, gbalaja ló nà sílẹ̀, ó sì borí!