Mátírọ́ọ̀nù Tẹ́ Bẹ́ẹ̀dì, Ọkọ Mi Sùn Sábẹ́ Rẹ̀

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé kì í ṣe ẹni tó tẹ́ ẹní ló ń rọ́ àlá, ẹni tó sùn ni? Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹnu ọkọ mi ló ti jáde.

Ilé ìwòsàn ìlú wa dùn ún gbé nígbà náà. Ẹ̀yìn wọ́ọ̀dù la ti ń dáná; bí ọbẹ̀ mi bá ti ta sánsán, àwọn aláìsàn á na abọ́ láti ojú fèrèsé. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni àwa tá a ń tọ́jú wọn ń sùn. Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí eéwo ńlá sọ Bàbá Wúràọlá, ọkọ mi, ní ìdí.

Ìjọba wá kó bẹ́ẹ̀dì tuntun dé, pẹ̀lú aṣọ funfun báláú. Wọ́n ní àwọn ọ̀gá ń bọ̀ wá wò ó bóyá ìtọ́jú ti dára sí i. Mátírọ́ọ̀nù Olúrìn, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, pariwo mọ́ wa:

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀ lórí aṣọ mi o! Gbogbo yín, ẹ bọ́ sábẹ́!"

Mo ní, "Eéwo ọkọ mi ti pọ́n, ìbà ti ń gbọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ́ kí dókítà là á."

"Kí ọyún ta sáṣọ funfun? Ìyá Wúràọlá, ẹ jẹ́ kí àlejò lọ ná."

"Tó bá kú ńkọ́?"

"Ẹ bá a sọ ọ́, kó má ṣe é lónìí."

La bá há sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí ọmọ adìyẹ abẹ́ apẹ̀rẹ̀. A ò sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé ilé ọkọ.

Àwọn ọ̀gá dé. Olórí wọn sanra, ikùn ló ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó ní, "Báwo ni àwọn aláìsàn ṣe rí bẹ́ẹ̀dì yìí sí?"

"Há, sà! Fọnfọn ni wọ́n ń sùn. Àlá rere ni wọ́n ń lá."

"Àwọn dà?"

"Ara wọn ti yá, sà. Wọ́n ti lọ sílé."

Ẹ gbọ́ mi, ta ló ń bi ẹni tó ń ta gààrí bóyá gààrí ẹ̀ kan?

Inú ọ̀gá dùn. Ó ní òun náà á tọ́ ọ wò, ló bá ju ara rẹ̀ lé bẹ́ẹ̀dì wa, gbì! Bẹ́ẹ̀dì tẹ́nì kan ò sùn lé rí, ta ni yóò mọ̀ pé wọn ò de ẹsẹ̀ ẹ̀ dáadáa? Mo yí bìrí jáde. Bẹ́ẹ̀dì wó lulẹ̀, ó balẹ̀ sórí eéwo gan-an.

"Yéèèè!"

Ọ̀gá fò sókè. "Bẹ́ẹ̀dì yìí ń ké!"

Mátírọ́ọ̀nù ní, "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tó bá ṣì tuntun, sà."

Ọkọ mi rá jáde, eéwo ti bẹ́, ọyún ti ba gbogbo aṣọ funfun jẹ́. "Mátírọ́ọ̀nù, ẹ pa ẹnu yín dé! Ẹ̀yin lẹ tẹ́ ẹ, ẹ ò sùn níbẹ̀!"

Lorí bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ gbogbo bẹ́ẹ̀dì bí orí ahun.

Ọ̀gá wá rọra bi í, "Bàbá, báwo ni ìtọ́jú ibí?"

Ọkọ mi fọwọ́ kan ìdí ẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yin nìkan lẹ tọ́jú mi látìgbà tí mo ti dé, sà. Ẹ kú iṣẹ́."

Ọjọ́ náà ni gbogbo aláìsàn gun bẹ́ẹ̀dì. Bàbá Wúràọlá sì dàgbà, ó darúgbó kó tó fi mí sílẹ̀. Wọ́n ti sọ ibẹ̀ di ilé alájà báyìí, ẹnì kan ò dáná lẹ́yìn ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ lórí rédíò tí àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn ń yin ara wọn, ohùn ọkọ mi ni mò ń gbọ́: ẹ bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kì í ṣe ẹni tó tẹ́ ẹní ló ń rọ́ àlá, ẹni tó sùn ni.