Aṣọ Tó Ń Sọ̀rọ̀

Ẹ bá mi kí Sylvester, aránṣọ kan ní Àgùdà l'Ékòó tí kì í jẹ́ kí wọ́n pe òun ní aránṣọ. "Dìsáínà" ni kí ẹ pè é. Bí ẹ bá fẹ́ kó rẹ́rìn-ín, ẹ fi oríkì tó kọ sára ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kún un: Ojú Afọ́jú, Ẹsẹ̀ Amúkùn-ún. Inú Bíbélì ló ti mú un. Jóòbù ló ni ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ Jóòbù kò ní ṣọ́ọ̀bù ní Àgùdà.

Sylvester gbọ́ pé àwọn àlejò kan fẹ́ fi ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun ta ẹni tó bá ń ránṣọ fáwọn àkàndá ẹ̀dá lọ́rẹ. Ọjọ́ náà gan-an ni àánú wọ inú rẹ̀.

Àǹtí Beulah, olùkọ́ kan ní Yaba tí ojú rẹ̀ kò ríran, ni oníbàárà àkọ́kọ́. Ohun kan ló ń fẹ́: kó máa mọ àwọ̀ aṣọ ara rẹ̀ láì pe aládùúgbò. Wọ́n ti jẹ́ kó wọ pupa lọ síbi ìsìnkú rí, kò sì tíì gbàgbé ìtìjú ọjọ́ náà.

"Ẹ má mikàn, Àǹtí," ni Sylvester wí. "Màá kọ àwọ̀ ẹ̀ sí i láyà ní bréèlì, ìwé tẹ́ ẹ máa ń fọwọ́ kà yẹn. Aṣọ yín á máa sọ̀rọ̀!"

Nígbà tí Àǹtí lọ tán, Aneesah tó ń bá a ránṣọ yẹ bébà tí ọ̀gá rẹ̀ ya àmì tótòtó sí wò.

"Ọ̀gá, kí lẹ kọ síbí?"

"Bréèlì ni."

"Mo mọ̀. Kí ló ń sọ?"

"Aneesah, tótòtó ni gbogbo ẹ̀. Ìwọ ṣáà máa to bíìsì sí i. Ta ló fẹ́ kà á?"

Ẹni tí wọ́n ń rán an fún ni o, Sylvester!

Ọjọ́ tí àwọn àlejò fẹ́ fi ẹ̀rọ náà tani lọ́rẹ pé, gbọ̀ngàn kan ní Ìpọ̀nrí sì kún. Sylvester wọ agbádá tí bíìsì tótòtó bò láti àyà dé ẹ̀yìn, kí àwọn àlejò lè rí i pé ìfẹ́ àkàndá ẹ̀dá ti wọ òun lára. Ó mú Àǹtí Beulah gun orí pèpéle, ó na gáwùn tuntun sí i, ó gbé maikirofóònù sí i lẹ́nu.

"Àǹtí, ẹ kà á káyé gbọ́! Ohun kan náà ló wà lára tèmi!"

Àǹtí fọwọ́ tọ bíìsì náà. Ó dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè.

"Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́," ló wí jẹ́jẹ́. "Ó ní: 'Oògùn jẹ̀díjẹ̀dí. Ìdí nìkan ni kí ẹ fi sí.'"

"Irọ́ ni!" Sylvester fò sókè. "Àmì tótòtó tó wà lára páálí oògùn tèmi ni mo wò kọ, dókítà ò sì pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí! Ó ní ìdí ló kàn ń yún mi!"

Ẹ gbà mí! Lateefat, tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ níwájú, ló kọ́kọ́ pariwo: "Ọ̀gá Dìsáínà, ẹ pẹ̀lẹ́ ìdí o! Ẹ yíjú padà ká rí tẹ̀yìn, ibẹ̀ gan-an ló yẹ ẹ́!"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Ti Sylvester kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, Ìpọ̀nrí lòótọ́ ti bá a.

Àǹtí Beulah nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣì ń ṣẹ̀fẹ̀," ló wí, "èmi ò tíì mọ àwọ̀ aṣọ mi o." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra.

Aneesah sáré gun orí pèpéle. "Búlúù ni, Àǹtí. Ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́?"

Àǹtí gba ọwọ́ rẹ̀, ó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ sí i látẹ́lẹwọ́, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn. Àwọn àlejò yí wọn ká. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń bi Aneesah léèrè ibi tó fẹ́ kí àwọn já ẹ̀rọ ìránṣọ sí.

Sylvester wà ní igun gbọ̀ngàn, agbádá ń sọ̀rọ̀ lára rẹ̀. Ẹnì kan tí àánú rẹ̀ ṣe fa àga fún un.

"Ẹ jókòó, sà."

"Rárá o," ni Ojú Afọ́jú dáhùn. "Màá dúró."