Orúkọ Tí Mo Fi Ti Ìwé Orin Pa

Ọjọ́ Jímọ̀ kan wà tí kò lè kúrò lọ́kàn mi, àní bí mo bá darúgbó. Ọjọ́ náà ni mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, tí mò ń tẹ orúkọ ọmọ tí mo fi ikùn ara mi bí, tí ẹ̀rọ sì ń sọ fún mi pé irọ́ ni mò ń pa.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé ní Òkè-Baálẹ̀, l'Óṣogbo, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Kọ̀ǹpútà méjì la ní, wáyà so wọ́n pọ̀, tó fi jẹ́ pé èmi àti Bùnmi ẹlẹgbẹ́ mi lè ṣí iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀kan. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, àwa méjèèjì ń tún ìwé kan ṣe láìmọ̀. Mo tọ́jú tèmi sínú ẹ̀rọ, Bùnmi tọ́jú tirẹ̀ lé e lórí, gbogbo làálàá mi wọmi. Ọ̀gá wa bá ṣòfin: "Kí o tó fọwọ́ kan iṣẹ́, kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ kan tì í pa, kí ọwọ́ ẹlòmíì má bàa dé ibẹ̀. Tí o bá parí, ṣí i sílẹ̀ kí o tó dìde."

"Ayọ̀" ni mo kọ́kọ́ fi ti tèmi, orúkọ ọmọ mi obìnrin. Ìṣẹ́jú kan kò pé tí Bùnmi fi ṣí i. Ó ní, "Ìyá Ayọ̀, ewúrẹ́ àdúgbò yìí gan-an lè ṣí èyí." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo wá rántí pé orúkọ kò wọ́n ọmọ mi. Ará Iléṣà ni ọkọ mi, ibẹ̀ la ti sọ ọmọ lórúkọ, gbogbo àgbà tó ju owó sínú abọ́ omi ló sì fún un ní tirẹ̀. Mẹ́sàn-án ni. Bí mo bá ti gba iṣẹ́ tuntun, mo máa ń fa ọ̀kan yọ fi tì í. Mo rò pé mo gbọ́n.

Ni Bàbá Akọrin, àgbàlagbà kan láti ṣọ́ọ̀ṣì kan n'Íléṣà, bá gbé ìwé orin ìkórè wọn wá, ogójì ojú ìwé. Ọjọ́ Àìkú ni ìkórè, Bùnmi ló sì máa tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo parí tèmi ní Tọ́sìdeè. Bí mo ṣe fẹ́ ṣí i sílẹ̀ báyìí ni aládùúgbò mi sáré wọlé pé ara Ayọ̀ ń gbóná. Mo fò dìde. Àṣé eyín lásán ló ń hù.

Lọ́jọ́ kejì, mo pọn Ayọ̀ wá síbi iṣẹ́. Bàbá Akọrin ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, fìlà rẹ̀ lórí orúnkún.

Ọ̀gá ní, "Kí lo fi ti ìwé yìí?"

"Orúkọ ọmọ mi ni, sà."

"Ó dáa, ṣí i."

Mo tẹ Ayọ̀mídé, irọ́. Adéọlá, irọ́. Títílayọ̀, Fọlákẹ́, Ìbùkúnolúwa, irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Nígbà tí mo tẹ ìkẹfà, orúkọ tán lẹ́nu mi. Mo wo àjà. Àjà kò mọ mẹ́ta tó kù.

Bàbá Akọrin bi mí pé, "Ìwọ lo bí ọmọ ẹ̀yìn rẹ yẹn àbí o yá a ni?"

Bùnmi fi orí pamọ́ sẹ́yìn kọ̀ǹpútà, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tí ìwé yìí kò bá jáde lónìí, má wulẹ̀ wá ní Mọ́ńdè."

Ẹ̀yìn Bíbélì ìyá ọkọ mi ni wọ́n kọ àwọn orúkọ náà sí, n'Íléṣà. Kò tíì sí fóònù alágbèéká. Mo ní mò ń lọ wọkọ̀. Bàbá Akọrin dé fìlà: "Ọmọ òṣómàáló ni mí. Òṣó ni n óò ló tì ọ́ títí ìwé mi yóò fi jáde."

Màmá ń bó obì níwájú ilé nígbà tí a dé. Ó rí èmi, ọmọ, báàgì, àti bàbá àgbà kan tó fajú ro. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Yéè! Kí ni ọmọ mi fi ṣe ọ́ tí o fi kó jáde? Bàbá, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́!"

Bàbá Akọrin ní, "Ìyá, n kò bá ti ìjà wá. Nítorí orúkọ ọmọ yìí ni mo ṣe wá."

Ó kù díẹ̀ kí Màmá dákú. "Orúkọ kí ni? Orúkọ wo lẹ fẹ́ sọ ọmọ ọmọ mi?" Ó já Ayọ̀ gbà lẹ́yìn mi. "Morẹ́níkẹ́ mi, wá, kò sẹ́ni tó máa gbà ọ́ lọ́wọ́ wa!"

"Òun ni!" Mo fò sókè. "Morẹ́níkẹ́! Màmá, òun ni!"

Ó wá di dandan kí n ṣàlàyé. Màmá gbọ́ ọ tán, ó ní, "Èyí tí èmi sọ ọ́ gan-an lo wá gbàgbé?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Mo yàn án torí kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n ni."

"Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n? O kì í pè é."

Kò jágbe. Ó kàn fi etí ìró nu itọ́ ẹnu ọmọ náà, ó sì bu obì fún Bàbá Akọrin. Ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn dùn mí ju ti ọ̀gá mi lọ.

A padà s'Óṣogbo, ìwé náà ṣí, ó sì jáde tán kí oòrùn tó wọ̀. Nígbà tí Bàbá Akọrin ń lọ, kò kí mi. Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ ẹ̀yìn mi, ó ní, "Morẹ́níkẹ́, o ṣeun o."

Láti ọjọ́ náà, bí ilé ń jó, n óò ṣí iṣẹ́ mi sílẹ̀ kí n tó dìde. Morẹ́níkẹ́ náà ni mo sì ń pe ọmọ mi tàárọ̀ talẹ́, inú ìyá ọkọ mi sì ń dùn. Àfi èmi ọlọ́gbọ́n yìí tí mo tún lọ fi Morẹ́níkẹ́ ti iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e pa. Kí n tó mumi tán, Bùnmi ti ṣí i.