Táyà Inú Ọ̀rá

Ẹjọ́ tó wọ ààfin Lọ́ọ̀jà Òkè-Obì lánàá, ẹ fìdí mọ́lẹ̀ kí n rò ó fún yín, torí ẹni tó bá gbọ́ ọ lórí ìdúró á ṣubú. Ìyá Wúrà, Susannah lorúkọ ìjọ rẹ̀, ló pe ọkọ rẹ̀ lẹ́jọ́. Ọkọ náà ni Cornelius, tó ṣọ́ sítọ́ọ̀ rélùwéè l'Óṣogbo fún ọgbọ̀n ọdún kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ra bọ́ọ̀sì Kómbì ògbólógbòó kan, ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí i lẹ́yìn, ó so kọ́tìnì mọ́ fèrèsé, ó ní ilé òun nìyẹn, ó kàn ń rìn ni.

Inú ń bí Susannah burúkú. Wúrà, ọmọ wọn kan ṣoṣo, bí àkọ́bí rẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n sì sọ ọmọ lórúkọ láìsí ìyá àgbà níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni ìrìbọmi ọmọ náà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn níbẹ̀. Bí eléyìí náà bá tún fo òun, ó ní òun ò mọ ohun tí òun máa ṣe fún Cornelius.

"Kábíyèsí, ẹ gbà mí!" Ó ti kúnlẹ̀. "Láti ibí dé Ìmẹ̀sí-Ilé, kò pé wákàtí méjì. Òru méjì la fi sùn sójú ọ̀nà, a ò sì débẹ̀!"

"Èétirí?" Lọ́ọ̀jà bi í. "Ṣé ọkọ̀ bàjẹ́ ni?"

"Táyà ló jò, Kábíyèsí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Ìbòkun ni."

"Ẹ ò ní sípíà?"

"A ní in! Tuntun, tó ń dán! Inú ọ̀rá ló wà. Bàbá Wúrà ní àwọn ò ní tú u."

Gbogbo ìgbìmọ̀ yíjú sí Cornelius. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe. Ojú ò tiẹ̀ tì í.

"Kábíyèsí, kí ẹ pẹ́. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n táyà yẹn, ti ìgbà ìṣòro ni."

"Táyà jò lójú ọ̀nà, ìyẹn kì í ṣe ìṣòro?"

"Kò jò, Kábíyèsí. Ó sinmi ni."

Olóyè Ọlágòkè, tó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún, wúkọ́ kó má baà rẹ́rìn-ín. "Kí lẹ wá ń pè ní ìṣòro?"

"Èyí tó bá ju eléyìí lọ. Bí a bá lo táyà lónìí, tí ìṣòro gidi wá dé lọ́la, kí la máa fi pàdé ẹ̀? Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Sítọ́ọ̀ tó bá ṣófo, yàrá lásán ni."

"Ẹ bi wọ́n léèrè àwọn tó kù!" Susannah pariwo. "Òùngbẹ ń gbẹ mí, kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rin wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní omi ìgbà ìṣòro ni. Òjò ń wọlé sí wa lára, agboòrùn méjì wà nínú páálí, wọ́n ní kí n fi kọ́tìnì borí. Ilẹ̀ ṣú, tọ́ọ̀ṣì wà, bátìrì wà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń táràrà wá tọ́ọ̀ṣì náà nínú òkùnkùn, kí wọ́n lè mọ̀ dájú pé kò sẹ́ni tó tàn án!"

"Jáàkì ńkọ́?"

"Wọ́n fi aṣọ wé e bí ọmọ ìkókó."

"Ẹ ò kúkú wọ ọkọ̀ ẹlòmíì?"

"Nínú ọ̀wọ́n epo yìí, Kábíyèsí? Ọkọ̀ tó ń kọjá kún dé orí òrùlé."

Cornelius na ọwọ́ sókè. "Ẹ jẹ́ kí n bi ìyàwó mi ní ìbéèrè kan. Ìyá Wúrà, àwọn àwo olódòdó tó wà nínú ṣókéèsì wa láti ọdún 1968 tá a ti ṣègbéyàwó, ta ló fi jẹun rí?"

Susannah wolẹ̀. "Ti àlejò ni."

"Nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù wá ńkọ́?"

"Àlejò tó jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ààfin bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà wọ Susannah lára, ó mọ̀ pé ó bá òun, ó sì dùn ún wọra. "Àwo ò gbé ẹnikẹ́ni lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé!" ló fi dáhùn.

Wọ́n pe Ọdúntán, ọ̀rẹ́ Cornelius, tó bá wọn rin ìrìn náà.

"Ìrìn àjò yẹn dùn, Kábíyèsí. Ìyà kankan ò jẹ wá. A jẹ àjẹyó. Cornelius kó gààrí àti sàdínì páálí kan dání."

"Ẹ jẹ sàdínì?"

"Ha, rárá o. A kàn ń wò ó ni. Ìbẹ́pẹ la jẹ."

"Níbo lẹ ti rí ìbẹ́pẹ?"

"Oko kan wà lẹ́bàá títì, nídìí igi àràbà ńlá kan..."

Olóyè Ọlágòkè fò dìde. "Oko mi nìyẹn! Àṣé ẹ̀yin ni! Àwọn ọ̀bọ ni mo ti ń ṣépè fún láti ọjọ́ yìí!"

"Kábíyèsí," ni Ọdúntán wí, ó ti ń fà sẹ́yìn, "mo yí ọ̀rọ̀ mi padà. Ìyà jẹ wá gan-an ni."

Ó ku Àmúdà, fọkanáísà Ìbòkun, tó ti wa ọkọ̀ rẹ̀ kúrò nílé nígbà tí wọ́n ń wá a kó wá lẹ táyà.

"Wàláhì, Kábíyèsí, ọjọ́ kẹta ni mo dé. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń dúró dè mí. Mo ní, 'Bàbá, sípíà tuntun rèé.' Wọ́n ní kí n má tiẹ̀ mí sí i."

"Ihò táyà àtijọ́ yẹn pọ̀?"

"Kábíyèsí, ajere ni."

"Ṣùgbọ́n o lẹ̀ ẹ́, àbí o ò lẹ̀ ẹ́?" Cornelius bi í.

"Mo lẹ̀ ẹ́, bàbá. Ṣé ó gbé yín délé?"

"Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wa délé."

"Ilé ni wọ́n yí orí ọkọ̀ sí!" Susannah tún figbe ta. "Wọ́n ní ìsọmọlórúkọ ti kọjá, kí la tún ń lọ ṣe?"

Lọ́ọ̀jà yíjú sí i. "Susannah, kí lo fẹ́ gan-an?"

"Kí n fojú kan ọmọ ọmọ mi, Kábíyèsí. Tiwalolúwa ni wọ́n ní wọ́n sọ ọ́. Mi ò tíì gbé e rí. Ẹ̀yìn ń yún mi láti pọ̀n ọ́n." Ó na ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ pọ̀n ọmọ. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́," ni Lọ́ọ̀jà wí. "Susannah, lọ́jọ́ ìrìbọmi, àwo inú ṣókéèsì lẹ máa fi bu ìrẹsì fún èèyàn, títí kan àwọn ọmọdé."

Susannah gbá àyà mú. "Àwọn ọmọdé kẹ̀, Kábíyèsí?"

"Pàápàá àwọn tí ọwọ́ wọn ń yọ̀. Cornelius, o jàre."

Cornelius wo ìyàwó rẹ̀ tìgbéraga-tìgbéraga.

"Nǹkan tuntun, ìpamọ́ ló yẹ ẹ́. A gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ Wúrà yìí, ṣé tuntun ni, àbí ògbólógbòó?"

"Tuntun ni, Kábíyèsí."

"O ṣeun. O ò gbọdọ̀ gbé e. Àmúdà á fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé ìyàwó rẹ lọ. Á gbé ọmọ, á pọ̀n ọ́n, á kọrin fún un. Ìwọ, inú Kómbì lo máa wà, kó o máa ti ojú fèrèsé wò ó. Ọjọ́ tó bá hu irùngbọ̀n, kí wọ́n wá gbé e lé ọ lẹ́sẹ̀."

Cornelius rẹ́rìn-ín. Ó wo ìgbìmọ̀, kò sẹ́ni tó bá a rín in. Ó wo Susannah, ìyẹn gbójú sókè.

"Kábíyèsí, ọmọ ọmọ mi?"

"A ti dájọ́."

Bàbá yìí sáré jáde láìwọ bàtà, ó di ìdí Kómbì tó gbé síwájú ààfin tẹrùtẹrù. Kí Susannah tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ti ń fi eyín ya ọ̀rá táyà náà, ó ń ya á bí ẹni ń jẹ ìrèké, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyá Wúrà, wọ ọkọ̀!" ló ń ké. "Àmúdà, gbé jáàkì wá! Ẹ bu omi mu, gbogbo yín, ẹ já sàdínì! Ìmẹ̀sí-Ilé là ń lọ!"

"Ọjọ́ Ìsinmi kọ́ ni?" Àmúdà bi í.

"Ọjọ́ Ìsinmi ti jìnnà jù!"

Nígbà tó máa wẹ̀yìn wò, Susannah ti jókòó síwájú, ó ti ti ilẹ̀kùn.