Òfin Gbèsè Òkè-Òsè, Láti Ẹnu Láwuyì Akéde

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Tọmọdé tàgbà Òkè-Òsè, ẹ gbé etí yín síta! Láwuyì akéde ló dé! Ẹ má wo ìdérí ìkòkò tó ń lù. Ìdérí ìkòkò ni lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kó jíṣẹ́ ọba ná, ẹ óò gbọ́ ibi tí agogo wà.

Kábíyèsí ní gbèsè ti pọ̀ jù nílùú. Wọ́n ní ẹni tó bá yáwó tí kò san, ojú rẹ̀ yóò rí màbo! Òfin márùn-ún ló jáde láàfin láàárọ̀ yìí; àṣà àtijọ́ ni òmíràn nínú wọn.

Òfin kìíní! Bí ọjọ́ àdéhùn bá pé, onígbèsè kò gbọdọ̀ wí pé ó di ọ̀la. Ẹni tó bá wí i lẹ́ẹ̀mẹta, Ódọ̀la lorúkọ rẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ! Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa pè é ní mọ́ṣáláṣí.

Òfin kejì! Onígbèsè kò gbọdọ̀ sá wọ ṣáláńgá nítorí pé ó gbọ́ ikọ́ olówó. Bó bá sá wọ̀ ọ́, olówó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé àpótí síta kó dúró dè é. Ará ilé tí inú bá ń run, kó wá igbó lọ!

Òfin kẹta! Bí ọjà mẹ́ta bá kọjá tí owó kò jáde, ológò tí olówó rán yóò lọ jókòó ti onígbèsè nílé. Kò ní dìde àfi tí owó bá pé. Òun ni yóò kọ́kọ́ bu oúnjẹ. Òun ni yóò kọ́kọ́ mú ẹran! Àtàndá ológò ti wà nílé ẹnìkan láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ajá ilé náà kò gbó Àtàndá mọ́. Baálé ilé ló ń gbó. Akéde mọ ilé náà dáadáa. Ibẹ̀ ló ti jí lónìí.

Òfin kẹrin! Bí ológò bá jẹun títí tí owó kò yọ, wọn yóò gbẹ́sẹ̀ lé irinṣẹ́ onígbèsè. Ọdẹ yóò kó ìbọn sílẹ̀. Onígbàjámọ̀ yóò kó abẹ sílẹ̀. Akéde... ẹ̀yin náà ẹ wo ọwọ́ rẹ̀! Agogo wà lọ́dọ̀ Odéjàyí alágbẹ̀dẹ, tó yá Láwuyì lówó páànù nígbà tí òjò ń rọ̀ lé ìyá rẹ̀ lórí nínú yàrá. Bí oòrùn bá wọ̀ lónìí tí owó kò pé, Fáníyì ni yóò gba agogo. Fáníyì, tí ohùn rẹ̀ kò kọjá ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀! Ọdún mọ́kànlélógún ni Láwuyì ti ń ké fún yín. Ó dùn ún. Ó dùn ún gan-an! Àmọ́ bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Akéde ka ìwé òfin náà dé ìsàlẹ̀.

Òfin karùn-ún! Bí onígbèsè bá fi hàn pé owó tirẹ̀ há sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ológò yóò ká ẹní rẹ̀, yóò lọ jókòó ti ẹni náà. Ìbáà jẹ́ olóyè! Ìbáà jẹ́ ẹnikẹ́ni! Akéde yóò tún un kà: ìbáà jẹ́ ẹnikẹ́ni! Kábíyèsí ti tẹ ìka sí i. Wọn kò ní kí a kọ́kọ́ kà á sí wọn létí.

Ta ló ké ìkéde ọdún iṣu tó kọjá? Láwuyì ni! Ta ló ké ti ewúrẹ́ Olorì tó sọnù, tí wọ́n padà rí lábẹ́ ibùsùn Olorì? Láwuyì ni! Ìkéde méje, ààfin kò san kọ́bọ̀. Owó méjèèje sì tó owó páànù gẹ́lẹ́. Ó di ọ̀la ni wọ́n ń wí. Wọ́n ti wí i ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Akéde kò ní pe orúkọ tí òfin kìíní sọ, nítorí ọba lọba ń jẹ́.

Àtàndá ti ká ẹní o! Òun ló ń bọ̀ lẹ́yìn akéde yìí, ààfin ló ń lọ. Kí Olorì gbé ìkòkò ńlá kaná. Àtàndá kì í jẹ eegun.

Bí ọba ṣe wí i nìyẹn. Akéde kò bù mọ́ ọn, kò bù níbẹ̀! Ẹni tó wà lóko, ẹ sọ fún un bó bá dé. Kí ẹnikẹ́ni má tíì pe Fáníyì o! Ìdérí ìkòkò ni Láwuyì lù jáde. Agogo ni yóò lù wọlé!